Natako ní Etí Odò Ọya

Bí ìròyìn ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ti ń pọ̀ nínú ìwé wa yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́lé sí ń pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nípa Natako ní Lọ́kọ́ja.

Natako wà ní ọ̀nà tí ó jáde láti Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá. Kò jìnnà sí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní ìlú náà ẹ óò gbọ́ èdè Nupe, Ìgbìrà, Ígálà àti Haúsá, àti èdè àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí ọmọ Yorùbá tí ó bá tẹ́tí yóò mọ̀ ní ti ìyá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn a yọ láàrin odò, etí omi a gbẹ. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà lè rò pé òun rí ilẹ̀ ọ̀pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó dúró di oṣù September àti October. Ní ọdún 2012 omi kún dé inú ilé. Ènìyàn 363 ni ó kú káàkiri Nàìjíríà, àwọn tí ó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní 2022 ó tún dé, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 600, omi sì bo títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá tí ọkọ̀ kò fi lè kọjá.

Ọ̀pọ̀ ń di ẹ̀bi náà ru ìdídò Lagdo, tí Kamẹrúùnù parí lórí Bẹ́núé ní 1982. Òtítọ́ wà níbẹ̀, nítorí ìdídò Dasin Hausa tí ó yẹ kí ó gba omi náà ní Adamawa, a kò tíì parí rẹ̀ nígbà tí omi 2022 dé. Ṣùgbọ́n òjò fúnra rẹ̀ ti yí padà. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa gba omi ju èyí tí ó tutù lọ. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution sọ pé gbígbóná ayé mú kí irú òjò ọdún 2022 rọrùn láti rọ̀ ní ìlọ́po 80.

Èéfín epo àti ti èédú ni ó ń fa gbígbóná yìí, iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sì wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá sun òkúta ẹfun, òkúta náà fúnra rẹ̀ a máa tú afẹ́fẹ́ yìí jáde. Ilé iṣẹ́ Dangote ní Ọbajánà wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí kan náà. A ń fi sìmẹ́ǹtì kọ́lé, àwọn ọmọ wa ń jẹun níbẹ̀. Síbẹ̀, ó tọ́ kí ẹni tí ó ń jèrè tún ayé ṣe, nítorí apẹja Natako kò dá èéfín púpọ̀, òun ni omi sì ń kọ́kọ́ bá.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ ibi tí omi dé ní 2012 àti 2022. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún oko àti igi. Ẹni tí ó ní ẹbí létí odò, kí ó ránṣẹ́ sí wọn kí September tó dé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ ni a ó máa kà nípa ara wa.