Iṣẹ́ Kan Lọ́wọ́, Òmíràn Lọ́kàn: Nígbà Tí Dókítà Rẹ́sídẹ́ńtì Bá Fẹ́ Yí Ẹ̀ka Padà

Ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń gbé àwọn dókítà rẹ́sídẹ́ńtì wọ inú ìròyìn ní Nàìjíríà: ìyanṣẹ́lódì àti ìrìn àjò sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rántí ìyanṣẹ́lódì ọdún 2021, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, tó sì gba ọjọ́ 63. Ti jápa kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n irú ìfiṣẹ́sílẹ̀ kẹta kan wà tí kì í pariwo. Èyí ni ti dókítà tí kò fẹ́ kúrò nílùú, tí iṣẹ́ ìṣègùn kò sì sú, àmọ́ tó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀ka tí òun wà kì í ṣe ibi tó yẹ òun mọ́. Owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ òru, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti ṣí lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a mọ ipò tí rẹ́sídẹ́ńtì wà. Dókítà tó ti jáde ní yunifásítì, tó ti ṣe iṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àbójútó, tó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ló ń padà wá kọ́ ẹ̀ka kan ní àkọ́jinlẹ̀ títí yóò fi di kọnsọ́tántì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, òṣìṣẹ́ sì ni pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn ló gbà á síṣẹ́ tó ń san owó oṣù fún un. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń dán an wò, yálà èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1979, tó wà ní Ìjánikin, tàbí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìdánwò àkọ́kọ́ ni yóò fi wọlé, ìpele méjì mìíràn sì ń dúró dè é. Ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀ka padà ní láti bá ọ̀gá méjì sọ̀rọ̀, ìlànà ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá ti èkejì mu.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló bá dókítà obìnrin kan tó ń gbé ní Ọgbà, ní ẹ̀gbẹ́ Acme Road, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í ti í jẹ́ kí ojú ọ̀nà sinmi. Ó ti wà nínú ọdún kẹta rẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń yìn ín. Inú ìyá rẹ̀ kì í dùn tó bí ìgbà tó bá ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ni yóò máa la ènìyàn tí yóò sì tún un rán.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le jù ló yí i lọ́kàn padà. Àwọn aláìsàn ni. Ọ̀pọ̀ lára wọn wá láti àdúgbò tirẹ̀ gan-an: àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ láti Ọgbà, Agége àti Ọba Akran. Àwọn kan wà tí ẹ̀rọ gé ní ìka. Ìyẹn ni iṣẹ́ abẹ wà fún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dùn ún jù ni àwọn tí àtọ̀gbẹ ti jẹ ẹsẹ̀ wọn débi pé gígé ló kù. Nígbà tó bá bi wọ́n léèrè, ìdáhùn kan náà ni: kò sí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò rí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń sanwó fún lójoojúmọ́, kì í lọ sí ilé ìwòsàn torí pé ó ń tọ̀ léraléra. Egbò tí kò san ló ń gbé e lọ. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ tó gé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yìn ìjà ni òun ń dé nígbà gbogbo. Ẹ̀ka ìṣègùn ìdílé, níbi tí dókítà ti ń tọ́jú ènìyàn kí àìsàn tó di ńlá, ni ọkàn rẹ̀ fà sí.

Rírò ó rọrùn ju ṣíṣe é lọ. Ẹni tó fẹ́ kúrò ní ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn nínú ẹ̀ka kan náà lè mú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dání, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka ọdún tó ti lò sí i. Ẹni tó ń yí ẹ̀ka padà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ti ìṣègùn ìdílé, nítorí náà yóò tún ìwé kà. Ọdún mẹ́ta di ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò di ọdún tí wọ́n kà fún un. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ yóò di ọ̀gá nígbà tí òun ṣì wà ní ìpele ìsàlẹ̀.

Owó tún wà níbẹ̀. Bí dókítà bá kúrò lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ sí ti ìjọba àpapọ̀, tàbí tó bá padà, orúkọ rẹ̀ ní láti kúrò nínú ìwé owó oṣù kan kí ó tó wọ òmíràn, oṣù sì lè gorí oṣù láàárín méjèèjì. Onílé kò ní dúró de ìyẹn.

Èyí tó wúwo jù lọ ni ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà rẹ́sídẹ́ńtì yanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 26 oṣù keje sí ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2023, lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n máa gba ẹlòmíràn síṣẹ́ ní kíákíá tí ẹnì kan bá lọ. Ìdí kò fara sin: ẹni tó bá lọ, àwọn tó kù ló ń ru ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní bòńkẹ́lẹ́, tí wọ́n á ní àìsàn ló ṣe àwọn, tí ọ̀gá yóò sì gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn. Ọ̀gá tó bá gbọ́ báyìí kì í kọ ìwé ìjẹ́rìí tó dùn.

Dókítà yìí kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ó kọ́kọ́ jókòó fún ìdánwò tuntun nígbà ìsinmi rẹ̀, ó sì yege. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sì sọ ohun tó rí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ láìfi ẹ̀ka náà bú. Ọ̀gá náà bínú. Ó ní wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ lásán. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ó tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò dúró títí wọ́n á fi tún ètò iṣẹ́ alẹ́ ṣe. Ó dúró. Kò kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ títí ìwé ìgbaniṣẹ́ tuntun fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, oṣù méjì gbáko ni kò rí owó oṣù gbà. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ọgbà ló fi jẹun. Ìyá rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbà pé ìgbéga ni.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọn kò fi irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ojú àánú ọ̀gá. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí rẹ́sídẹ́ńtì ń lọ gbọ́dọ̀ gba àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ láti ibi tó ti ń bọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ní Ìlú Ọba, ìlànà wà fún ẹni tí ipò rẹ̀ yí padà láìròtẹ́lẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e láti agbègbè kan sí òmíràn. Kò rọrùn níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ní Nàìjíríà, a ní Òfin Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Rẹ́sídẹ́ńtì ti ọdún 2017, a sì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dáńtọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àbádòfin kan kọjá ìkàwé ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, èyí tó fẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kí ó tó gba ìwé àṣẹ kíkún. Bí a bá lè ronú tó bẹ́ẹ̀ lórí bí a ó ṣe dí ọ̀nà òde, ó yẹ kí a lè ronú lórí bí a ó ṣe la ọ̀nà inú ilé. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń tẹ̀lé dókítà láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Gbèdéke ọjọ́ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Ìdíyelé ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yí ẹ̀ka. Owó oṣù tí kò ní já láàárín. Kò sí èyí tó ju agbára ìjọba lọ nínú wọn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Dókítà tí ẹ̀ka rẹ̀ kò bá lára mu mọ́ yóò lọ ṣáá. Tí kò bá rí ọ̀nà gbà lọ sí ẹ̀ka mìíràn nílé, pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí Ọgbà.