Ẹ Má Ta Hẹ́dífóònù Ńlá Yín Lọ́pọ̀ O!

Ọ̀rọ̀ orin àti oorun ni mo bá wá lónìí.

Ẹni tó bá ń gbé Alímọ̀ṣọ́ níbí, ì báà jẹ́ Ìkòtún, ì báà jẹ́ Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndó, mọ̀ pé ariwo ò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè, gbohùngbohùn ń dún. Òfin ò sì dákẹ́ lórí rẹ̀ o. LASEPA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀: ní àdúgbò tí èèyàn ń gbé, ariwo ò gbọdọ̀ ju 55 dẹ́síbẹ̀lì lọ lọ́sàn-án, kò sì gbọdọ̀ ju 45 lọ lóru. Bẹ́ẹ̀, ohùn èèyàn méjì tó jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ nìkan ti tó bíi 60. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti sítẹ́ríò ni mo ń ṣe ní Ìkòtún, ọ̀rọ̀ oníbàárà mi kan ló sì mú mi kọ̀wé yìí. Kápẹ́ńtà ni bàbá náà, Ìgàndó ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, àwo Haruna Ishola ni wọ́n máa ń gbé sórí ẹ̀rọ. Ọdún 1983 ni Haruna ti kú, ṣùgbọ́n létí bàbá yìí, àná ni. Ìyá kan tó ń din àkàrà ló wà ní yàrá kejì, aago mẹ́rin ìdájí ló sì gbọ́dọ̀ jí lọ lọ ẹ̀wà. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u, ló bá gba ọ̀dọ̀ lańdílọ́ọ̀dù lọ. Lańdílọ́ọ̀dù ní kí bàbá mú ọ̀kan: orin àbí yàrá.

Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́, ó fi hẹ́dífóònù ńlá kan ránṣẹ́, irú èyí tó ń bo gbogbo etí, tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ń lò. Bàbá so ó mọ́ fóònù wọn, ohùn tó jáde ń dún tín-ín-rín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní ó ti bàjẹ́, pé òun á fún wọn ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kí wọ́n má baà pàdánù pátápátá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi.

“Ẹnjiníà, bá mi wò ó. Ṣé lóòótọ́ ló ti kú?”

“Bàbá, kò kú o. Ebi ló ń pa á.”

Mo fi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára hàn wọ́n: 600, pẹ̀lú àmì kan tó dà bí irin pátákò ẹṣin, Ω. Ómù là ń pè é. Òun ló ń sọ bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Sípíkà ilé kì í sábà ju ómù 4 sí 8 lọ. Éàpíìsì wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń tì bọ etí, 16 sí 32 ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ 250, 300 tàbí 600, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà sínú rẹ̀.

Ẹ fi wé omi bọ́rẹ́hò. Tí páìpù bá tín-ín-rín, táńkì tó wà nílẹ̀ ò lè ti omi gba inú rẹ̀ dáadáa, àfi èyí tí wọ́n gbé sókè fíofío. Gíga táńkì yẹn ni fóòtì. Táńkì ilẹ̀ ni fóònù ọwọ́ wa, fóòtì 1 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló sábà ń gbé jáde fún hẹ́dífóònù.

Mo bi bàbá pé sítẹ́ríò wọn dà. Wọ́n ní àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù làwọn fẹ́ gbé e fún. Mo ní ẹ gbé e wá ná. Risífà ayé àtijọ́ ni, oní-50 wáàtì. Ẹ̀rọ tó bá lè fún sípíkà 8 ómù ní 50 wáàtì, fóòtì 20 ló ń gbé jáde. Nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ojú iná sípíkà gan-an ni wọ́n sábà ti máa ń fa wáyà wá sí ihò hẹ́dífóònù, wọ́n á wá fi rẹ̀sísítọ̀ bíi 330 ómù sáàárín láti dín iná kù. Rẹ̀sísítọ̀ yìí ń já púpọ̀ gbà lọ́wọ́ éàpíìsì kékeré, ṣùgbọ́n tí 600 ómù bá wà níwájú rẹ̀, fóòtì bíi 13 ṣì máa kù nínú 20 yẹn. Ó ju ohun tí bàbá nílò lọ fíìfíì!

Mo pa sípíkà, mo yí fólúùmù sílẹ̀ pátápátá, mo ti ẹnu wáyà bọ ihò ńlá iwájú rẹ̀, mo wá ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo wọlé sí bàbá létí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó jò sí èmi tí mo jókòó tì wọ́n, kò tó igbe ẹ̀fọn. Láti ìgbà náà, ìyá alákàrà ń sùn, bàbá ń gbọ́ orin wọn, ọ̀rọ̀ kó-kúrò-nílé ti tán.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o. Kí ẹ tó tan risífà tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 100 tàbí 120 fóòtì nìkan, ti Japan tàbí Amẹ́ríkà nìyẹn, iná wa tó jẹ́ 230 á jó o. Ẹ ra tàǹsífọ́mà tó ń dín iná kù. Ẹ má so hẹ́dífóònù mọ́ ẹnu wáyà sípíkà, ihò tirẹ̀ ni kí ẹ lò. Ti risífà òde òní, ẹ jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó, torí ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ ni òmíràn nínú wọn ní fún ihò yẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni etí. Àjọ ìlera àgbáyé ní 80 dẹ́síbẹ̀lì, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni àgbà lè fetí gbà láìséwu. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Etí kápẹ́ńtà, alájórin àti ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta ti gba tirẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má wá fi orin pa á lálẹ́. Tí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ kúrò, ẹ dín in kù.

Àwọn àgbà ní ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn ò yẹ adìyẹ. Ohun tó kọ̀ lára fóònù lè jẹ́ ohun àmúyangàn lára sítẹ́ríò àtijọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó tà á o.

Èmi ni tiyín,
Alátùn-únṣe Rédíò, Ìkòtún.