Hẹ́dífóònù méjì tó jọra, owó tí kò jọra: èwo ni ká rà?

Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Láti ìgbà tí ohùn ìsìn wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti mọ́ sí i, àwọn ọmọ mídíà láti ìjọ mìíràn ò jẹ́ ká sinmi: "Pásítọ̀, hẹ́dífóònù wo lẹ rà? Ṣé M40x ni àbí M50x? Ṣé owó tí wọ́n fi lé èkejì tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?" Dípò ká máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ síbi kan.

Hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn dídí ni àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni pé ìdérí tó bo etí, ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa. Ohùn inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jò síta, ariwo ìta náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ náà wà, ó sì dùn gbọ́ nínú yàrá tó pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù àti gángan lọ́jọ́ Sọ́ńdè kẹ́ ẹ wò ó! Ìlù tó wà nínú ilé lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní í mọ ohun tí àwọn tó wà nílé ń gbọ́. Ẹni tó bá sì ń kọrin níwájú máìkì, bí ohùn bá ń jò jáde létí rẹ̀, máìkì á gbé e pọ̀ mọ́ orin. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn fi fẹ́ràn ẹlẹ́yìn dídí.

Audio-Technica, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1962, ló ṣe ATH-M40x àti ATH-M50x. Ọdún 2014 ni méjèèjì jáde. Bẹ́ ẹ bá gbé wọn sórí tábìlì, bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n rí: dúdú ni méjèèjì, wọ́n ṣeé ká pọ̀, ìdérí etí wọn ṣeé yí, wáyà wọn sì ṣeé yọ. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá dé orí owó, ìbejì ti parí. Owó M50x kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra M40x kan àti ààbọ̀. A ò ní í kọ iye náírà síbí, torí ó lè ti yí padà kẹ́ ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí tán.

Kí wá ni owó tó lé yẹn ń rà? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Spíkà tó wà nínú M40x fẹ̀ tó mìlímítà 40, ti M50x fẹ̀ tó 45. M40x wúwo tó gíráàmù 240, M50x tó 285, láìka wáyà mọ́ ọn. Wáyà méjì ló ń bá M40x wá: ọ̀kan gùn ní mítà 3, èkejì lọ́ bíi ti tẹlifóònù àtijọ́. Mẹ́ta ló ń bá M50x wá. Ẹ̀kẹta yẹn kúrú, mítà 1.2 péré, ó dára fún ẹni tó ń fi fóònù gbọ́ nǹkan kiri. Bí wọ́n ṣe ń dènà iná kò jìnnà síra: ohm 35 àti ohm 38. Fóònù lè gbé méjèèjì, kọ̀ǹpútà lè gbé e, míksà ìjọ náà lè gbé e, láìfi ẹ̀rọ mìíràn kún un.

Ẹni tó ń tà á á tún sọ fún yín pé M40x dé 24,000 Hz, pé M50x dé 28,000. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Ṣùgbọ́n etí ọmọ ènìyàn, kódà nígbà èwe, nǹkan bí 20,000 ló mọ, bí ọjọ́ orí bá sì ti ń lọ ló ń wálẹ̀. Ajá lè gbọ́ ohun tó wà lókè ibẹ̀ yẹn, àmọ́ ajá kọ́ ló jókòó nídìí míksà. Ẹ má fi owó ìjọ ra ohun tí etí kankan nínú ìjọ ò lè gbọ́.

Inú ohùn gan-an ni ìyàtọ̀ wà. M50x gbé báàsì sókè díẹ̀, ó sì mú kí ohùn òkè tàn. Ó dùn! Ìlù á lu yín láyà, orin á ta yín jí. M40x ní tirẹ̀ tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ohùn bá ṣe rí ló ń gbìyànjú láti gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ orin fún ìgbádùn lè máa pe ìyẹn ní gbẹ̀rẹ́fu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nídìí míksà. Bí hẹ́dífóònù bá ti fi báàsì kún ohun tí à ń gbọ́, a lè rò pé báàsì ti pọ̀ jù, a ó dín in kù, ẹni tó wà nílé á wá gbọ́ ohùn tó rù. Tàbí kí adùn yẹn gbé wa lọ, ká má tètè mọ̀ pé ohùn oníwàásù ti rì sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù.

Ẹ rántí pé fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbọ́ wa. Spíkà kékeré tó wà nínú fóònù kì í lè gbé báàsì jáde dáadáa rárá. Ọ̀rọ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra sì wà láàárín 1,000 sí 4,000 Hz, òmíràn tún ròkè jù bẹ́ẹ̀. Ní èdè wa yìí, bí ohùn bá ti dà rú, ta ló máa mọ̀ bóyá ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sá ni tàbí ó ṣá ènìyàn ládàá? Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni!

A dán wọn wò. Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò yá wa ní M50x, ẹlòmíràn yá wa ní M40x. A ní kí àwọn ọmọ mídíà di ojú, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi owó gbọ́ ohùn. A sì rí i pé ohùn méjèèjì dọ́gba, torí etí ní ìwà kan: bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, òun ni etí máa sọ pé ó dára jù. A fi ìwàásù tí a ti gbà sílẹ̀ dán an wò, a fi orin akọrin dán an wò, a fi gángan dán an wò. Ọmọ wa tó ń lu ìlù ní M50x lòun fẹ́, kò sì ṣẹ̀. Ìlù ò ṣe é gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tó di ti ìwàásù, M40x ni ẹni tó ń da ohùn pọ̀ mú, M40x náà ni màmá tó ń darí akọrin mú. Màmá ní, "Èyí ni mo ti ń gbọ́ gbogbo ọmọ mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, ilé pín sí méjì. Alàgbà kan dìde, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ilé Ọlọ́run rèé o. Èyí tó wọ́n jù ló yẹ ẹ́." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. A mọ ìfẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Bàbá, a ò sì fojú kéré e. A kàn bi wọ́n léèrè ni: "Bàbá wa, tó bá jẹ́ èyí tó dára jù la fẹ́, tó dára jù fún kí ni?" Torí owó tó wà nílẹ̀ yẹn, owó ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, owó ọmọ tó ń gun ọ̀kadà wà níbẹ̀. Àwọn tí à ń tìtorí wọn rà á ni àwọn àgbà tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n wá mọ́, àtàwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní London àti Houston. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọ̀wé sí wa pé àwọn ń rí ẹnu tó ń mì, àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ lọ ka Lúùkù 14, ẹsẹ 28. Ìṣirò ló ń ṣáájú ìpìlẹ̀.

Ohun tó parí ọ̀rọ̀ náà nìyí: hẹ́dífóònù kì í tún ohùn ṣe. Ẹlẹ́rìí ni. Ó kàn ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wa ni. Bí a bá wá kó gbogbo owó fún ẹlẹ́rìí, kí la ó fi tún ohun tó rí ṣe? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Ó yé mi báyìí." M40x la rà.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí a gbé e sétí, ohun mẹ́ta ló jẹ́rìí sí. Wáyà máìkì orí pẹpẹ ń ṣe kàràkàrà. Fáànù kan ń fẹ́ sínú máìkì akọrin. Báàsì kíbọ́ọ̀dù ń bo ìwàásù mọ́lẹ̀. Owó tó ṣẹ́kù ra wáyà tuntun. Fáànù, a yí i ni, kò gba kọ́bọ̀. Báàsì, a dín in kù ni, kò gba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó wà nílé ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ń dé etí àwọn.

Ṣé à ń sọ pé M50x ò dára ni? Rárá o. Bó bá jẹ́ pé orin àti ìlù lẹ fẹ́ gbádùn, tẹ́ ẹ sì ń fi fóònù rìn kiri, tí owó ẹ̀ kò sì ní í fa ìnira, ẹ rà á, ẹ jẹ́gbádùn yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ gbọ́ yékéyéké, tí iṣẹ́ mìíràn sì ń dúró de owó yẹn, ẹ mú M40x, kẹ́ ẹ fi ìyókù tún nǹkan ṣe. Èyí tó ní BT lẹ́yìn orúkọ, aláìlówáyà nìyẹn. Ó dára fún ìrìnàjò, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nítorí náà wáyà ni kẹ́ ẹ lò nídìí míksà.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o. Yálà Computer Village ní Ìkẹjà lẹ ti rà á ni o, àbí Alaba, ẹ mú fóònù yín dání, ẹ fi ohùn tẹ́ ẹ mọ̀ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí wáyà rẹ̀ ò bá ṣeé yọ, kì í ṣe òun. Bó bá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fura. Ooru ilẹ̀ wa máa ń mú kí awọ tó bo fóòmù etí bó. Ẹ máa nu òógùn kúrò lára ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé fóòmù méjèèjì ṣeé pààrọ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ ju hẹ́dífóònù nù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, èyí kàn yín gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó tó dB 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá ròkè jù bẹ́ẹ̀, àkókò náà gbọ́dọ̀ dínkù gan-an. Ànfààní ẹlẹ́yìn dídí nìyí: ó ti dín ariwo ìta kù, ẹ ò ní láti gbé ohùn sókè fi bá a jà. Hẹ́dífóònù ṣeé rà lọ́jà, ẹlẹ́yìn dídí tàbí ẹlẹ́yìn ṣíṣí. Etí ò ṣeé rà.

Ẹ̀yin ọmọ mídíà, èwo lẹ̀ ń lò ní tiyín, kí ló sì jẹ́rìí sí fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ kọ́gbọ́n.