Kí ẹ tó so tírélà mọ́ Hilux yín

 

Ọ̀rọ̀ kòkòrò inú àgbàdo ni mo ṣèlérí fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Lánàá, nítòsí ọjà Owódé ní Ọ̀fà níbí, mo rí Hilux kan tó ń fa tírélà ẹ̀gẹ́. Wáyà ni wọ́n fi dè é. Wáyà lásán! Ọmọkùnrin méjì jókòó sórí ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ara mi gbọ̀n, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ rí, èmi gan-an sì lọ́wọ́ sí i.

Tírélà tí mò ń sọ kì í ṣe ọkọ̀ ńlá ti ọ̀nà Èkó o. Èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì ni, tí a máa ń so mọ́ katakata tàbí píkọ́ọ̀pù.

Lọ́dún 2021, bàbá kan tí mo máa ń bẹ oko wọn wò kórè àgbàdo, ó jẹ́ àpò mẹ́rìnlélógún. Katakata tí wọ́n háyà kò wá, òjò sì ti ṣú. Ọmọ wọn ní Hilux, jórinjórin kan sì bá wọn jó ìkọ́ mọ́ bọ́ńpà rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bàbá yíjú sí mi: "Ọ̀gá, ṣé á gbé e?" Mo wo ọkọ̀, mo wo ẹrù, mo ní, "Á gbé e, Bàbá. Hilux mà ni." Ọ̀rọ̀ irúgbìn àti ajílẹ̀ ni mo kọ́ ní pólì, n kò kọ́ ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí, tí ọ̀gá àgíríìkì bá ti sọ̀rọ̀, ó tán.

Àwọn tó di ẹrù kó èyí tó pọ̀ jù sí ẹ̀yìn tírélà, kó lè yá wọn láti sọ̀ ọ́ tí wọ́n bá délé. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú títì Àjàṣẹ́, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì bí ajá tó ń ju ìrù. Awakọ̀ tẹ búrékì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ tán. Bọ́ńpà já kúrò lára ọkọ̀, tírélà bá wọ gọ́tà lọ. Ọmọ-ọmọ bàbá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó jókòó sórí àpò, já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá níbi méjì. Odidi tàmù kan ni kò lè lọ sílé ìwé. Bàbá kò bá mi wí rárá. "Àmúwá Ọlọ́run ni," ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá lọ jókòó ti mẹkáníìkì àgbà kan, mo sì ka ìwé tó bá ọkọ̀ wá, èyí tó yẹ kí n ti kà kí n tó la ẹnu.

Àpò àgbàdo ńlá kan sún mọ́ 100 kílò. Àpò 24 jẹ́ nǹkan bíi 2,400 kílò, a kò tíì ka irin tírélà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ìwé ọkọ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì: ìwọ̀n tó lè fà tí tírélà bá ní búrékì tirẹ̀, àti ìwọ̀n tó lè fà tí kò bá ní. Ìkejì kéré gan-an sí àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, tírélà tí kò ní búrékì kò gbọdọ̀ ju 750 kílò lọ, àti ẹrù àti irin. Tiwa ọjọ́ yẹn kò ní búrékì kankan. Agbára ẹ́ńjìnì ló ń tàn wá jẹ. Hilux fa ẹrù yẹn kúrò lóko lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó máa dá a dúró.

Ẹ̀yin tó ń fa omi lọ sóko lẹ́ẹ̀rùn, ẹ gbọ́ o: líta omi kan, kílò kan ni. Táǹkì ẹlẹ́gbẹ̀rún líta jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gbáko. Èyí tí kò sì kún burú lọ́nà tirẹ̀, torí omi á máa ru síwá-sẹ́yìn, á máa ti ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró.

Ká tún wo bí a ṣe ń di ẹrù. Ẹni tó bá ti ru igi gígùn léjìká rí mọ̀ pé tí ẹ̀yìn igi bá wúwo ju iwájú lọ, igi ló máa darí ẹni tó rù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tírélà. Ẹ jẹ́ kí ẹrù pọ̀ díẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ tírélà ju ẹ̀yìn lọ, débi pé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá gbogbo ìwọ̀n á wà lórí ìkọ́ ọkọ̀. Tí tírélà àti ẹrù bá jẹ́ 1,000 kílò, ẹnu rẹ̀ á wọn nǹkan bí 100. Ẹ fi òkúta há táyà tírélà, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ lé òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ra àpò ń lò, ní ìwọ̀n gíga tó máa wà lára ọkọ̀. Ẹ ó rí i kedere. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ á rọ̀ sílẹ̀, sítíárìn á fúyẹ́, iná iwájú á máa tan orí igi. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn kí wọ́n fi lífù kún sípíríǹgì. Ó ń gbé ìdí ọkọ̀ dúró lóòótọ́, kò fi nǹkan kan kún búrékì.

Ìkọ́ kò gbọdọ̀ wà lára bọ́ńpà. Inú chassis ni kí wọ́n ti fi bóòtù dè é. Tó bá jẹ́ olórí bọ́ọ̀lù, kí bọ́ọ̀lù náà bá ẹnu tírélà mu: èyí tó kéré jù á dúró dáadáa ní ojú pẹrẹsẹ, á sì fò jáde ní gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Ẹ wá fi ṣéènì méjì kọjá lórí ara wọn lábẹ́ ẹnu tírélà, kó lè gbà á bí ìkọ́ bá já. Owó ṣéènì kò tó owó ilé ìwòsàn ọjọ́ kan, mo mọ̀ nítorí mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń san án.

Ti táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tírélà máa ń gbó sábẹ́ igi láìrìn, ẹ má fi ojú rẹ̀ nìkan wò ó. Ẹ kún bẹ́ríǹgì ní gírísì, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí iná ẹ̀yìn sì máa ṣiṣẹ́.

Lójú ọ̀nà, ẹ ti wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀yìn, ẹ ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ẹ di sítíárìn mú gbọin, ẹ má tẹ búrékì lójijì, ẹ má sì sáré sí i. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí ẹrù. Ẹni yòówù kó jẹ́.

Ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, àfi tí òtútù bá mú ni ó ń tiro. Lóṣù tó kọjá, bàbá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti ra tírélà kan tó ní búrékì, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi kó. "Ọ̀gá," wọ́n ní, "ṣé á gbé e?" Mo ní kí wọ́n má tíì so ó mọ́ ọkọ̀, mò ń gbé òṣùwọ̀n bọ̀.