Ọ̀dà Tó Gbẹ Tí Kò Tíì Di Ọ̀kan

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwòrán ògiri Agége tí o fi ránṣẹ́. O ní ìrọ̀lẹ́ lẹ kùn ún, ẹ fọwọ́ kàn án, kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àfi bí òjò òru ṣe dé tí gbogbo rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ bí omi ẹfun. Ṣé ayédèrú ọ̀dà ni? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ bá ọlọ́jà jà.

Binder, ìyẹn ohun tó ń so ọ̀dà pọ̀, tó wà nínú ọ̀dà emulsion tí ẹ kùn kò yọ́ sínú omi. Hóró ike ni, tó kéré débi pé bí a bá to 1,000 wọn sórí ìlà, wọn ò ní gùn tó mìlímítà 1. Kẹ́míkà kan tó dà bí ọṣẹ ló bò wọ́n lára, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra nínú garawa.

Lára ògiri, omi á máa gbẹ lọ, hóró á sún mọ́ hóró títí wọn á fi kanra. Ìgbà yẹn lọwọ́ ń sọ pé ó ti gbẹ. Iṣẹ́ ṣì kù o! Wọ́n gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn kí ààlà àárín wọn pòórá, bí ẹ̀kán epo méjì ṣe ń di ẹyọ kan lójú ọbẹ̀. Ojú ìta wọn ló ń fà mọ́ra kó lè kéré: bí ẹ̀kán méjì tó dọ́gba bá di ọ̀kan, ojú ìta wọn á fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù. Ike le ju epo lọ, nítorí náà tirẹ̀ ń pẹ́. Bí òjò bá ká a mọ́bẹ̀, omi á tún ráyè wọ àárín wọn.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan tiẹ̀ wà nítòsí wa, Berger Paints, ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà. 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọgbọ́n tó wà nínú pípo ọ̀dà ni pé kí hóró má ṣe dara pọ̀ nínú garawa, kí wọ́n sì dara pọ̀ dandan lára ògiri. Ó wú mi lórí pé àdúgbò wa ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin pẹ́ńtà náà, ẹ dín omi tí ẹ ń bù sí i kù. Bí omi bá pọ̀, tàbí tí ẹni tó pò ó fi ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù kábọ́nétì rọ́pò binder, hóró ò ní pọ̀ tó láti kanra.

Láti mọ̀ bóyá ayédèrú ni, kun ọ̀dà tó kù sórí gíláàsì nínú ilé, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o wá fi àkísà tútù nù ún. Bó bá ṣì ń ṣí, ẹ lọ bá ọlọ́jà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ