Ìrìn-àjò Láti Kano Dé Jos Nítorí Ọmọ Òrukàn

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni wọ́n rán mi lọ sí Jos, wọ́n sì ní kí n kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé ìròyìn wa yìí. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Kí n tó sọ ti Jos, ó yẹ kí n sọ ti ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ mi. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa kú, ọkùnrin kan tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Sabon Gari. Gbogbo yín ni ẹ mọ bí a ti sin ín. A dá aṣọ, a pa màlúù, ilé ìsìn kún dé ẹnu ọ̀nà, ẹgbẹ́ yìí náà sì gbé owó kalẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo jẹ, mo sì yó. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń kọjá lọ ní ọjà ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí ọmọbìnrin kan tí ó ru omi inú ọ̀rá. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo pè é. Nígbà tí ó kúnlẹ̀ tí ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Akọ̀wé," ni mo tó mọ̀ pé ọmọ olóògbé náà ni. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sí ní ilé-ìwé?" Ó ní wọ́n ti dá òun àti àbúrò òun padà nítorí owó, ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn ń wá sí ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìjókòó kẹta sí tèmi ni ó sì ń jókòó sí. Èmi kan náà ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìbánikẹ́dùn fún un.

Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé, ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ni ó wá sọ pé ìjọ kan wà ní Jos, níbi tí àbúrò òun ń gbé, tí wọ́n mọ bí a ti ń ṣe irú nǹkan wọ̀nyí. Ó ní kí a rán ẹnì kan lọ wò ó. Báyìí ni mo ṣe wọ mọ́tò.

A kúrò ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. A gba Kura, a kọjá ní ìhà Tiga níbi tí ìsédò ńlá wà, a dé Tudun Wada, a wọ inú igbó Falgore, a sì jáde sí Saminaka. Ní Jengre, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọ Adventist wà, mo sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń gòkè, tí atẹ́gùn sì ń yí padà. Jos ga ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ sí ojú òkun, àwọn àpáta rẹ̀ sì to ara wọn lé orí bí ẹni pé òmìrán kan ń fi wọ́n ṣeré ni ilẹ̀ ṣú bá a. Nígbà tí a dé Farin Gada, tí mo rí tòmátì, kárọ́ọ̀tì àti kábééjì lọ́tùn-ún lósì, mo mọ̀ pé a ti dé. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ kékeré. Ẹ̀wù òtútù tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ìyàwó mi dì í sínú àpò, orí rẹ̀ ni mo sùn lé, inú rẹ̀ ni mo sì jí sí.

Kùsà ni ó kó ènìyàn jọ sí ìlú yìí. Ojú irin kékeré kan dé Bukuru láti Zaria ní 1914, wọ́n sì pa á tì ní 1957. Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn Yorùbá tí ó tètè dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Kano wa níhìn-ín. Ibi tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ sí ni wọ́n ti ń dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀. Ìlú náà ti rí aásìkí, ó sì ti rí ohun tí a kì í fẹ́ kí ojú rí. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Sẹptẹ́ńbà 2001, òmíràn ní ọjọ́ 28 oṣù Nọfẹ́ńbà 2008, òmíràn ní oṣù Jánúárì 2010. Ọjà ńlá Terminus jóná ní 2002, nígbà tí ó sì di oṣù Méè 2014, bọ́ǹbù dún ní àdúgbò kan náà, ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Krìstíẹ́nì kú, Mùsùlùmí kú, onílẹ̀ kú, àlejò kú. Ìyẹn ni pé opó kò wọ́n ní Jos.

Ìjọ tí mo lọ bá bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ àwọn, nítorí àwọn ọmọ náà. Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbà mí ní àlejò. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jókòó, ẹ jẹun ná, ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀." Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé ìwé gbọọrọ kan jáde. Mo rò pé orúkọ àwọn ọmọ ni n ó bá níbẹ̀. Rárá o, ilé ni wọ́n kọ síbẹ̀, ojú-ewé kan fún ilé kan: ta ni ó kú, nígbà wo, ọmọ mélòó, kíláàsì wo, ìgbà wo ni owó ilé-ìwé ń pé, ìgbà wo ni owó ilé ń pé, kí ni ìyá ń tà, àti orúkọ ẹni méjì nínú ìjọ tí ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní oṣooṣù. Àwọn méjì yìí kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́. Kí wọ́n jókòó ni, kí wọ́n béèrè ìwé iṣẹ́ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n sì fi ọgbọ́n wo ibi ìdáná. Ìyá náà ní, "Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé kan náà ni à ń wò kí a tó ràn án lọ́wọ́."

Mo bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi kọ́ ilé ọmọ òrukàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ ilé ọmọ dáadáa, nítorí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà nì, ti dá èyí tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní sílẹ̀. Ìyẹn dára fún ọmọ jòjòló tí ìyá rẹ̀ kú tí kò sì sí ọwọ́ tí yóò gbé e. "Ṣùgbọ́n àwọn tiwa yìí ní ìyá. Owó ilé ni wọn kò ní. Ṣé nítorí owó ilé ni a ó ṣe já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?"

Wọn kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n a máa pe àwọn ọmọ òrukàn síwájú ìjọ, wọ́n a gbé ìrẹsì fún wọn, wọ́n a sì ya fọ́tò. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan gba ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì wọ ilé ìsìn mọ́. Òun àti àwọn ìpáǹle ni ó kù tí wọ́n jọ ń rìn. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kí ó tó padà. Láti ìgbà náà, ilé-ìwé gan-an ni owó ń lọ bá, oúnjẹ sì ń lọ ní alẹ́. Mo rántí iye fọ́tò irú bẹ́ẹ̀ tí àwa náà ti tẹ̀ jáde, mo sì wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ó gba àkókò wa jù. N kò ní sọ pé ẹbí burú o, nítorí ẹbí ni èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: aya kì í jẹ ogún ọkọ, àwọn ọmọ ni ó ń jẹ ẹ́, bí ìyàwó bá sì pọ̀, a lè pín in ní ìdí-igi. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ní ìlànà òfin ìjọba, tirẹ̀ yàtọ̀, bí ìwé rẹ̀ bá ṣeé rí. Nítorí náà ni ìjọ yìí ṣe ń sọ fún tọkọtaya kọ̀ọ̀kan kí wọ́n mú ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ilẹ̀ wọn wá sínú àpótí irin nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Àwọn kan bínú pé ikú ni wọ́n ń fẹ́ fún àwọn! Ní ọdún kan, àwọn ará ilé olóògbé kan dé láti ilé, wọ́n fẹ́ mú ọmọ kan lọ sí Èkó, wọ́n fẹ́ mú ìkejì lọ sí Ìbàdàn. Olùṣọ́-àgùntàn àti àgbà méjì bá wọn jókòó fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n dìde, ìyá kò pàdánù ọmọ, àbúrò bàbá sì ti gbà láti máa fi ẹ̀wà àti iṣu ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ sì máa lo ìsinmi ọdún lọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá àwọn méjì lọ sí ilé obìnrin náà gan-an. Ànàmọ́ òyìnbó ni ó ń tà. Ìjọ yá a ní owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti san án tán. Mo béèrè ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ jù. Ó ronú, ó ní, "Bàbá, n kò rántí ẹni tí ó wá sí ìsìnkú. Èrò pọ̀, ojú mi kò sì ríran. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn mi ní oṣù kẹrìnlá ni mo rántí."

Mo béèrè bóyá Yorùbá nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ìyá àgbà ní àríyànjiyàn ti wà lórí rẹ̀ rí, ó sì gbóná. Olùṣọ́-àgùntàn ni ó ṣí orí kẹfà nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì fún wọn, níbi tí àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ti ń ráhùn pé a ń fo opó àwọn nígbà ìpín oúnjẹ. Èmi ti ń ka ìtàn náà láti kékeré, n kò sì kíyè sí i rí pé orúkọ Gíríìkì ni àwọn méje tí a yàn ń jẹ́: a fi abọ́ ìpín lé ìhà àwọn tí ń ráhùn lọ́wọ́. Lónìí, obìnrin Ìgbò kan àti obìnrin Berom kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni mo gbé dé. Ẹ̀yin ni ẹ ní sàká, ẹ sì mọ ohun tí Kùránì sọ nípa ọmọ òrukàn jù mí lọ.

Ohun kan kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn kì í gba ju iye ilé tí wọ́n lè máa bẹ̀ wò lọ. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń jáde lọ, obìnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì wọ inú ìwé.

Mo ra ìwé gbọọrọ kan ní ìtòsí Terminus kí n tó wọ mọ́tò. Ilé tí ẹ ti mọ̀ ni mo kọ sí ojú-ewé rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì ti padà sí ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, owó sáà yìí ti pé, ti sáà tí ń bọ̀ kò tíì pé. Orúkọ tèmi ni mo kọ sí ọ̀kan nínú àyè àwọn tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò. Ìkejì ṣì ṣófo. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó rí mi lẹ́yìn ìpàdé.