Ta Ni Yóò Tún Ọpọlọ Ọkọ̀ Mi Kọ?

Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní gbèsè àlàyé lórí fáwẹ̀lì ẹ̀ka-èdè Èkìtì, èyí tí mo ti ṣèlérí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń gbé mi lọ gbọ́ àwọn fáwẹ̀lì náà ni ó gba ọkàn mi láti bí oṣù mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀ náà.

Hilux ni, irú èyí tí ó ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè jọ fà á nígbà tí ọ̀nà bá di ẹrẹ̀. Gbàǹjo ni mo ti rà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5, agbára rẹ̀ nígbà tí ó jáde nílé iṣẹ́ sì jẹ́ ti ẹṣin 102. Ẹni tí ó bá rí wa lórí òkè yóò rò pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n kà mọ́ ẹṣin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ti Iléṣà, a ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi, ẹrù wa sì kún ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé tí a bá ti kọjá Ìtáwúrẹ́, òkè ni a ó máa gùn, kọ́nà a sì máa tẹ̀lé kọ́nà. Tírélà sìmẹ́ńtì kan ń wọ́ níwájú wa bí ìgbín. Mo wò ó títí, sùúrù mi tán, mo bá yà, mo sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ hó, èéfín dúdú bo ẹ̀yìn wa, ṣùgbọ́n eré kò kún eré. A wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà náà nígbà tí bọ́ọ̀sì akérò kan yọ ní kọ́nà. Awakọ̀ tírélà ni Ọlọ́run lò fún wa: ó tẹ bíréèkì, ó fi àyè sílẹ̀, a sì ráyè wọlé. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ẹ̀fọ̀n.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láti dán an wò kí ó tó di ìgbà náà. Nígbà tí mo délé tí mo gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, mo gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, mo sì gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tí ó rọra sọ pé, “Sà, ẹ jọ̀ọ́.” Ohùn náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkọ̀ náà kò lágbára tó, pé mo fẹ́ wá agbára kún un. Ó wò mí. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, kí ló dé tí ẹ ò dúró sẹ́yìn tírélà?” Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú mi mọ ọmọkùnrin kan tí ó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tún ọkọ̀ ṣe. 250,000 náírà ni ó bu fún mi, ó sì ṣèlérí pé ẹṣin 102 yóò di 130, pé epo tí mò ń rà pàápàá yóò dínkù. Ẹ̀yin tí ẹ rántí bí owó dísẹ́ẹ̀lì ṣe fò sókè kọjá 700 náírà fún lítà kan ní ọdún 2022 yóò mọ̀ pé gbólóhùn kejì yẹn dùn létí mi ju èkíní lọ.

Nínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, irin ni ó ń pín epo: páǹpù, sípíríǹgì, àti àwọn síkírù tí mẹkáníìkì lè fi sípánà yí. Nínú ti òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ni. Brain box ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é, láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó títí dé abẹ́ igi máńgòrò tí ọ̀gá mẹkáníìkì tèmi ń jókòó sí. Àwọn kan ti túmọ̀ rẹ̀ sí ọpọlọ ọkọ̀, mo sì fara mọ́ ọn, àní òun ni mo fi ṣe àkọlé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé inú ni Yorùbá fi ń ro ọ̀rọ̀. Inú rírò ni ó ń mú ọgbọ́n wá fún wa, kì í ṣe ọpọlọ nìkan. Ohun tí brain box sì ń ṣe kì í ṣe inú rírò rárá. Ìwé ni ó ń kà.

Ìwé náà jẹ́ àtẹ nọ́ńbà, bí àtẹ ìsọdipúpọ̀ tí a fi ń kọrin nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Brain box ń wo bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe tẹ iná tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí tó, bí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé ṣe gbóná tó. Ó wá wo ibi tí ìlà ti pàdé òpó nínú àtẹ, iye epo tí ó bá níbẹ̀ ni yóò sì tú sílẹ̀. Àtẹ mìíràn ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí tọ́bò gbọ́dọ̀ tì wọlé. Òmíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ pé “ó tó gẹ́ẹ́” lọ. Ìfúnpá tí epo fi ń wọlé lè ju ìlọ́po 500 ti afẹ́fẹ́ inú táyà lọ, èyí sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú àtẹ náà kì í fi í ṣe ohun ṣeréṣeré.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi agbára kún un. Èkíní, wọ́n á fi àpótí kékeré kan sáàárín brain box àti ohun tí ń wọn ìfúnpá epo. Iṣẹ́ àpótí náà ni kí ó parọ́: ìfúnpá ti ga, yóò sọ pé ó lọ sílẹ̀, brain box yóò sì tún fi kún un. Ògbufọ̀ burúkú nìyẹn, èmi kò sì lè gbà á sílé. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ka ìwé inú brain box jáde, kí wọ́n yí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ padà, kí wọ́n sì dá a padà síbẹ̀. Àtúnkọ ni mo pe èyí. Ohun tí ọmọkùnrin náà fẹ́ ṣe fún mi nìyẹn, ó sì sàn ju ti ògbufọ̀ lọ.

Ẹ̀rí tí ó mú wá lágbára. Toyota fúnra rẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 yìí pẹ̀lú agbára ẹṣin 102, ó tà á pẹ̀lú 120, ó sì tún tà á pẹ̀lú 144. “Ẹ wò ó, Sà,” ni ó wí, “irin kan náà ni. Wọ́n kàn ti tiyín mọ́lé ni.” Inú mi dùn. Ta ni kò fẹ́ gbọ́ pé ọrọ̀ wà nínú ilé òun tí òun kò mọ̀?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n yí padà. Tọ́bò a máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ tí a bá sì fún pọ̀ a máa gbóná. Intercooler ni ó ń mú kí ó tutù kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kí èyí tí ó pọ̀ sí i lè gba àyè kan náà. Ẹ́ńjìnnì ẹṣin 144 ní intercooler, tọ́bò rẹ̀ sì yàtọ̀. Tèmi kò ní. Agbára ìyí tèmi jẹ́ 260 Nm, tirẹ̀ jẹ́ 343. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi nọ́ńbà lásán di àlàfo yẹn, epo ni yóò fi dí i láìsí afẹ́fẹ́ tí yóò jó o. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, àfikún epo ni àfikún ooru. Èyí tí kò bá jó tán yóò di èéfín dúdú, tí yóò lọ bà lé àgbàdo yíyan àwọn ìyá tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Nǹkan bí 700°C ṣáájú tọ́bò ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń ṣe ààlà ooru èéfín náà. Alumíníọ̀mù lásán a máa yọ́ ní 660°C, alumíníọ̀mù alápòpọ̀ sì ni a fi ń ṣe písítìn. Ọ́ìlì tí ń tù ú lára ni kì í jẹ́ kí ó yọ́. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún àti ẹrù, ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí iná fún ìṣẹ́jú púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2009, ìmí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ní ilẹ̀ Àjọṣepọ̀ Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní ilẹ̀ wa, 3,000 ni òfin gbà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ECOWAS tó pinnu pé kí ó di 50 láti 2021. Omi inú kẹ́ẹ̀gì àwọn tí ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ilé iṣẹ́ tí ó kọ ìwé àkọ́kọ́ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún epo burúkú, fún oòrùn, fún àpọ̀jù ẹrù. Àyè yẹn gan-an ni àtúnkọ fẹ́ ná.

Mo mọ ẹnì kan tí ó ṣe é tí kò kábàámọ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 ni tirẹ̀, ó ní intercooler, àfikún tí wọ́n ṣe fún un kò pọ̀, òun nìkan ni ó sì sábà máa ń wà nínú ọkọ̀. Ọdún kẹta rè é. Mo mọ ẹlòmíràn tí ó gbé àpótí onírọ́ sínú irú ọkọ̀ tèmi, tí ó sì ń fi kó kòkó. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò bá a ja òjò ọdún yẹn tán. Nítorí náà, èmi kò sọ pé àtúnkọ burú. Bí ọkọ̀ mi bá jọ ti ẹni àkọ́kọ́, bóyá ǹ bá ti sanwó.

Ìbéèrè tí mo bi ọmọkùnrin náà ni ó dá mi dúró. Mo ní, “Àtẹ wo ni o máa yí padà?” Ó ní, “Sà, wọ́n máa fi fáìlì náà ránṣẹ́ láti òkè òkun ni. Èmi á kàn gbé e wọlé.” Mo béèrè bóyá yóò tọ́jú èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì yìn ín. Mo wá béèrè irú epo àti irú ojú ọjọ́ tí ẹni òkè òkun náà kọ ọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó mú mi rántí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó da ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan kọ láti inú tépù. Ìyá náà ń pe ilé ní “ulé” gẹ́gẹ́ bí ọmọ Èkìtì rere. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rò pé àṣìṣe ni. Ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo “ulé” di “ilé” lẹ́ẹ̀kan náà. Ó parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ó sì mọ́ tónítóní. Fáwẹ̀lì tí a tìtorí rẹ̀ gun òkè lọ ni ó pa rẹ́. Kò ní èrò ibi. Kò kàn mọ ìdí tí ohun tí ó bá níbẹ̀ fi wà bẹ́ẹ̀ ni. (Ìwé inú ọkọ̀ pàápàá kì í ṣe Bíbélì, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni àṣírí tú pé Volkswagen ti kọ ọ́ sínú àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé kí wọ́n hùwà rere kìkì nígbà tí wọ́n bá ń yẹ èéfín wọn wò. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ara wọn.)

Mo wá gbé ọkọ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gá mẹkáníìkì gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, “Dókítà, imú ẹni dí, ẹ ń wá oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀.” Ó yọ fítà afẹ́fẹ́, erùpẹ̀ ni. Ó da fítà epo sínú ìgò, omi sì tò sísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ iná, ó fi ọwọ́ tútù tọ rọ́bà tí ó ń gba afẹ́fẹ́ kúrò lára tọ́bò: ó ti lanu lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ iná lórí òkè, ẹnu yẹn ni agbára mi ń gbà jáde. 46,000 náírà ni gbogbo rẹ̀ gbà. Èéfín dúdú náà lọ.

Ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ẹṣin 102. Mo ṣì máa ń wo àwọn Hilux tuntun tí wọ́n ń kọjá mi bí afẹ́fẹ́, ojú a sì máa kán mi. Lára owó àtúnkọ ni mo fi ra táyà mẹ́rin. Mo sì ti dá ìyàwó mi lóhùn: mo ní ìkánjú ni.

Ní oṣù tó kọjá, a tún gba ọ̀nà náà. Tańkà epo kan ló wà níwájú wa láti Ìtáwúrẹ́, mo sì tẹ̀lé e lẹ́yìn fún ogún ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà mi ni ó jókòó síwájú. Ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí a rí ilé àkọ́kọ́ ní Ẹ̀fọ̀n, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to bátìrì sínú rẹ̀.

Ìyá tí a lọ gbọ́ lọ́jọ́ náà pe “ulé” ní ìgbà mẹ́tàdínlógún. Fáwẹ̀lì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.